Etí Kan ní Àpápá

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi a máa pè mí lórí fóònù, wọ́n á ní, "Bọ̀ọ̀dá, báwo ni ìdálẹ̀ ṣe rí?" Ohùn tí wọ́n fi ń bi mí, ẹ ó rò pé Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Òkè òkun tèmi ò ní òkun nínú. Abúlé wa wà lẹ́bàá Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ níwèé tí wọ́n sì ń fi Yorùbá nà án nílé. Ibi tí mo wá jókòó sí ni Ajégúnlẹ̀. Ẹnubodè kan ló wà láàárín, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo ṣe kọjá níbẹ̀, ẹ má bi mí.

Ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé ìdálẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Ibikíbi tí wọn ò bá ti mọ ìyá rẹ, òkè òkun ni.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń sọ Yorùbá, àṣé Yorùbá mi ò tíì tó tà l'Ékòó. Lọ́jọ́ tí mo kó dé ilé fésì-mì-àì-fésì-yù tí mo gba yàrá sí, mo kí ìyá kan tó ń fọṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Rìsíkátù ni wọ́n ń pè é. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Níbo lẹ ti wá?"

"Kétu ni."

"Kétu Mile 12?"

"Rárá o. Kétu ti ọ̀nà Kútọnu."

"Ẹn-hẹ́n! Àgànyìn!" Ojú ẹ̀ tàn. "A dúpẹ́ o. Ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wà?"

Mo ní káfíńtà ni mí. Ó ní kò burú, káfíńtà náà lè se ẹ̀wà. Mo ní ilé wa ò se ẹ̀wà tà rí, pé Yorùbá bíi tiẹ̀ ni mí. Ó ní, "Ẹ má dààmú, a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó pẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò tó yéé gbé abọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀. Ọjọ́ kan tiẹ̀ wà tó sú mi, mo se é. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ padà sídìí pákó yín."

Ìwé mi ò pọ̀. Kíláàsì kẹrin ni mo dé tí èmi àti tíṣà jọ gbà pé ó tó. Faransé tó kù sí mi lára ò ju kíka oókan, eéjì lọ, ẹ̀rù ló sì máa ń pè é jáde. Bí àyà mi bá ti já, ẹnu mi á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀: ẹ̀ǹ, dọ̀ọ́, tìrúà, kátìrì. N kì í mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Nílé, wọ́n mọ̀ mí mọ́ ọn. Bí ejò bá kọjá, ìyá mi á ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kó kà á tán."

Yáàdì kan ní Àpápá ni mo ti ríṣẹ́, níbi tí wọ́n ń to kọ̀nténà òfìfo jọ bí ilé alájà. Pákó ìsàlẹ̀ kọ̀nténà a máa jẹrà. Èmi ni mo ń yọ ọ́, èmi ni mo ń kan tuntun síbẹ̀. Iṣẹ́ tó dára ni. Ẹnìkan ò ní bá ọ jà nínú kọ̀nténà.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo bẹ̀rẹ̀, mo wà lórí eékún, ìṣó wà lẹ́nu mi, ni nǹkan bá ké. N ò sọ pé ó dún o. Ó ké. Pákó gbọ̀n, irin gbọ̀n, inú mi náà gbọ̀n. Ká tó wí ká tó fọ̀, mo ti wà lábẹ́ tírélà, mo ti ka Faransé dé ogún, n ò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo lè kà á débẹ̀.

Mo rí bàtà kan tó dúró. Lẹ́yìn náà mo rí orí tó bẹ̀rẹ̀ wò mí.

"Àgànyìn! Comot there jàre. Na ship o, no be rapture."

Bí mo ṣe mọ Gọ́dúwìn nìyẹn. Ajẹ́ńtì ni, iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti máa sáré ìwé ẹrù kiri Wharf Road. Ọmọ Úróbò ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kò sì sí èdè tí kò lè fi yọ ọ́ lẹ́nu. Ó fà mí jáde, ó gbọn eruku lára mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi ọwọ́ sí àyà, ó búra. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo yáàdì ti ń fi ẹnu fọn fèrè kí mi. "Fùùùù! Bàbá, ẹ kúuṣẹ́ o!"

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ìyá mi pè.

"Ṣé kò sóhun tó ń dẹ́rù bà ọ́ níbẹ̀?"

"Rárá, Ìyá."

"Má jẹ́ kó bà ọ́. Bàbá mi dé Àpápá yẹn kí wọ́n tó bí ọ. Alááru ló ṣe létí omi. Kò sóhun tó rí tó sá fún. Ìgbà tó ṣe é tán ló tó wálé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Eruku abẹ́ tírélà ṣì wà nínú irun mi.

Ìdáwà Ajégúnlẹ̀, kì í ṣe ti ìdákẹ́jẹ́. Ariwo ń bẹ níbẹ̀ tó pọ̀ dé bi pé èèyàn lè gbé e lórí. Rédíò ti yàrá ọ̀tún ń wàásù, ti òsì ń jó, ọmọdé ń sunkún ní Píjìn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo yẹn, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí ìyá mi sọ mí. Àgànyìn nihìn-ín, Káfíńtà lọ́hùn-ún. Nígbà mìíràn mo máa ń pe ara mi lórúkọ níbi tí mo ti ń wẹ̀, kí n má baà gbàgbé bó ṣe ń dún. Ìyá Rìsíkátù gbọ́ lọ́jọ́ kan. Ó kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Ta lẹ kó sínú bálùwẹ̀?"

Ẹni tó bá ń gbé ìdálẹ̀, ó ní láti rí nǹkan fẹ̀yìn tì. Ẹlòmíràn fẹ̀yìn ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹlòmíràn fẹ̀yìn ti bọ́ọ̀lù. Èmi, bàbá ìyá mi ni mo fẹ̀yìn tì. Nígbàkigbà tí àpò mi bá ń wò mí láti igun yàrá bí ẹni ń sọ pé ká máa lọ, mo máa ń rántí bàbá àgbà yẹn. Àkànbí lorúkọ ẹ̀. Mo bá a láyé. Etí kan ló ní. Ajá ti gé ìkejì jẹ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa hun agbọ̀n, á máa kọ orin kan tó kọ́ gbogbo ọmọ ilé:

*Ọ̀kan ni mo mú r'Àpápá o,*
*Ọ̀kan ni mo mú lọ.*
*Èkejì ń bẹ lọ́dọ̀ ìyá mi,*
*Èkejì ò kúrò nílé.*

Ọ̀kan kí ni? A ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní bàtà ni. Èmi ní àgùntàn ni, torí mo ní àánú àgùntàn. Bí a bá bi bàbá náà, á ní, "Ẹ ṣáà máa kọ ọ́. Ẹ má gbàgbé ohùn ẹ̀." A sì ń kọ ọ́ lọ odò, à ń kọ ọ́ bọ̀.

Gọ́dúwìn ló mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn olórin. Ó wá sí yáàdì lọ́sàn-án Friday kan, ó ní, "Káfíńtà, àpótí kan wà tó fọ́, ẹ bá wa tún un ṣe. Ẹ ò ní rí fèrè ọkọ̀ níbẹ̀, mo fi Ọlọ́run búra." Mo mọ bí ìbúra ẹ̀ ṣe ń rí, mo ṣáà tẹ̀ lé e.

Gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ni, ní òpópónà tóóró tí tírélà ò lè wọ̀ ní Àpápá. Mo rò pé àpótí aṣọ ni. Agídìgbo ni. Mo sì rò pé Gọ́dúwìn á jókòó síbi kan máa yọ àwọn èèyàn lẹ́nu. Ó gbé gòjé jáde nínú àpò, ó fà á, ohùn tó jáde níbẹ̀ dùn tó fi jẹ́ pé inú bí mi. Ẹni tó ba orúkọ mi jẹ́ ní yáàdì ò yẹ kó mọ nǹkan ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni Màmá Ayọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn olọ́kọ̀ ojú omi, òun náà ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣàlàyé fún mi. Láyé ijọ́un, kí kíréènì tó gba ẹrù lórí èèyàn, àwọn ọkùnrin máa ń ti ìhà Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wá ṣe alááru ní Àpápá. Wọ́n gbé orin ilé wọn wá pẹ̀lú agídìgbo àti gòjé. Àwọn ọkùnrin yẹn kú, àwọn ọmọ wọn ń gbọ́ ti rédíò, orin náà sì ń parẹ́, ní ilé àti ní ìdálẹ̀. Màmá Ayọ̀ wá ń lọ káàkiri Ìjọra Badia, níbi tí àwọn arúgbó tó kù wà, ó ń ṣa orin náà lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ òun máa kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ gan-an, kò fẹ́ kíbọ́ọ̀dù, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àmín kún un.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ lè tún un ṣe?" Ọwọ́ ẹ̀ wà lórí agídìgbo bí ẹni fọwọ́ lé orí ọmọ tára ẹ̀ ò yá.

Mo gbé e lọ sí yáàdì. Mo fi pákó kọ̀nténà ṣe ojú ẹ̀. Ahọ́n ẹ̀ tó ti dípẹtà, mo wá irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di ẹrù, mo gé e, mo fi òkúta yún un títí tí ohùn ẹ̀ fi jọ ti èyí tí mo gbọ́ nílé. Lọ́jọ́ Saturday, mo gbé e padà, mo jókòó lé e, mo ta á.

Alàájì, télọ̀ tó ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún wọn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Agídìgbo yìí ń sọ̀rọ̀ o. Àmọ́ Yorùbá Kútọnu ló ń sọ."

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," Màmá Ayọ̀ wí. "Yorùbá Kútọnu ni mo ń wá."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ lè má mọ bí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ti tó. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ohun tí mo ń sáré fi pamọ́ lára mi nìyẹn, ẹnìkan wá ní òun ń wá a. Mo rìn padà sí Ajégúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà láàárín àwọn tírélà, n ò tiẹ̀ gbọ́ họ́ọ̀nù wọn. Láti ìgbà yẹn, èmi ni mo ń ta agídìgbo. Ìyá mi gbọ́, ó ní, "Bàbá mi ló ń ràn ọ́ lọ́wọ́." Mo ṣèlérí fún un pé ọjọ́ tí a bá ṣeré níwájú èèyàn, màá pè é, á gbọ́ ọ.

Ẹnu ìmúrasílẹ̀ eré yẹn la wà nígbà tí Màmá Ayọ̀ ní òun ní orin kan tó ṣì kù. Ìyá àgbà kan ní Badia ló kọ́ ọ. Ó pàtẹ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀:

*Ọkọ̀ fọn fèrè l'Ápápá,*
*Àkànbí elétí kan da ẹrù sílẹ̀, ó sá.*
*Etí kan ló fi gbọ́ o,*
*Bó bá jẹ́ méjì ńkọ́?*
*Bó bá jẹ́ méjì ńkọ́?*

Ẹ̀rín sọ. Gọ́dúwìn na ìka sí mi, ó ń fò sókè. "Káfíńtà! Wọ́n ti kọrin ẹ kí wọ́n tó bí ẹ!" Alàájì fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nu omijé.

Èmi nìkan ni n ò rẹ́rìn-ín. Ohùn orin náà ni ohùn tí à ń kọ lọ odò, kò yàtọ̀ níbì kankan. Àkànbí elétí kan. *Ọ̀kan ni mo mú r'Àpápá o.* Kì í ṣe bàtà. Kì í ṣe àgùntàn. Etí ni.

Bàbá àgbà tí kò sóhun tó sá fún! Ẹ̀ǹ, dọ̀ọ́, tìrúà.

"Orin yìí ò parí," Màmá Ayọ̀ ń wí. "Èsì ẹ̀ ló sọnù. A ti dé Kétu wá a."

"Kétu wo, mà?" mo bi í.

"Kétu Mile 12. Gbogbo ẹni tá a bi ló ń tọ́ka bọ́ọ̀sì-stọ́ọ̀pù fún wa."

Mo ní inú ń run mí. Mo gbé fìlà mi, mo lọ ilé.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, àpò náà ń wò mí láti igun. Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe pé bàbá náà sá. Èmi náà sá. Ẹni tó bá gbọ́ fèrè yẹn tí kò sá, kó lọ rí dókítà. Ohun tó ń dùn mí ni ìyá mi. Arúgbó ni, ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ohun tó kù tó fi ń yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ni bàbá ẹ̀ tó ṣẹ́gun Àpápá. Ṣé èmi ni màá wá dúró níta gbangba, tí màá sọ fún ayé pé eré ló sá wálé? Tí mi ò bá sì sọ ọ́, kí ni mo wá ń ta agídìgbo fún? Mo ronú títí, n ò rí ojútùú. Mo bá sùn. Ọ̀nà tí èmi fi ń sá nìyẹn bí kò bá sí tírélà nítòsí.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Ayọ̀ wá mú mi ká jọ lọ kí ìyá tó kọ́ ọ lórin, kí n lè gbọ́ ohùn náà dáadáa. A gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin lọ. A bá ìyá náà lórí àpótí níwájú ilé ẹ̀, ó ń bọ́ ẹ̀gúsí. Ìyá Badia ni gbogbo èèyàn ń pè é.

"Ìyá, ẹni tó ń ta agídìgbo fún wa rèé. Ará ọ̀hún ni."

"Ará ọ̀hún!" Ìyá náà gbé ojú sókè. "Ṣé ìwọ náà ti gbọ́ fèrè?"

"Mo ti gbọ́ ọ, Ìyá."

"O sá?"

"Díẹ̀, Ìyá."

Ó rẹ́rìn-ín tí ẹ̀gúsí fi dànù. Ó ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Àkànbí sá. Ọmọdé ni òun, òun ń kiri ẹ̀kọ fún àwọn alááru. "Ọkọ̀ fọn fèrè báyìí, ni mo rí ọkùnrin gìrìpá tó ń bọ̀ bí ìjì. Ó fò lórí igbá ẹ̀kọ mi, kò tẹ ẹyọ kan! Mo ní, ẹni tó ń sá báyẹn tó ṣì rántí ẹ̀kọ ọmọ ọlọ́mọ, ọmọlúàbí ni. Kò dúró mọ́ o. Ilé ló gbà lọ."

"Ta ló wá kọ orin náà?" mo bi í.

"Bàbá mi ni. Ọ̀rẹ́ Àkànbí ni, ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń sùn lé. Bó ṣe lọ yẹn dun bàbá mi, ó wá fi orin bú u, ó fi rán ará ọ̀hún kan tó ń padà sílé." Ó yéé bọ́ ẹ̀gúsí. "Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ará ọ̀hún ni ẹ́. Bí ọ̀rẹ́ bá fi orin bú ọ, ohùn kan náà lo máa fi dá a lóhùn. Bó ò bá dáhùn, o ti bínú nìyẹn, ọ̀rẹ́ parí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ìhà yẹn dé, bàbá mi á lọ bá a: 'Àkànbí ò fi nǹkan rán ọ sí mi?' Títí tó fi kú. Ó ní òun ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà á dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń lọ bá a láìpẹ́. Ó máa bi mí."

A dìde, a dágbére. A ò tíì rìn jìnnà nígbà tí Màmá Ayọ̀ dúró.

"Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà, kí lẹ mọ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Ẹnu yín ń mì. Ẹ ti ń ka Faransé, Gọ́dúwìn ti sọ fún mi nípa ẹ̀."

Mo sọ fún un. Bàbá ìyá mi ni. Èsì náà wà lẹ́nu mi láti kékeré. Màmá Ayọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. N ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Nígbà tó ṣí ojú, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ilé yín ni. Bẹ́ ẹ bá kọ ọ́, ẹ kọ ọ́. Bẹ́ ẹ ò bá lè kọ ọ́, màá yọ orin náà kúrò pátápátá, torí n ò lè fi bàbá èèyàn ṣẹ̀fẹ̀ lójú ẹ̀. Ẹ rò ó."

Mo rò ó. Mo rí ọgbọ́n kan dá, irú ọgbọ́n tí ojo máa ń dá. Màá kọ ọ́ fún Ìyá Badia; ìyá mi ò sì ní gbọ́. Lọ́jọ́ eré, fóònù mi máa wà nínú àpò àyà Gọ́dúwìn, kí ìyá mi lè gbọ́ àwọn orin yòókù. Bó bá ti kan orin Àkànbí, màá mi orí, Gọ́dúwìn á pa fóònù.

"Ṣé o gbọ́? Bí mo bá ti mi orí báyìí."

"I hear." Ó fi ọwọ́ sí àyà, ó búra.

Gbọ̀ngàn kún lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì jókòó níwájú, àwọn ará Badia wà láàárín, gbogbo yáàdì wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹnu tí wọ́n fi ń fọn fèrè. Ìyá Rìsíkátù gbé àga tiẹ̀ wá láti Ajégúnlẹ̀. Wọ́n gbé Ìyá Badia jókòó sí iwájú mi gan-an, ó fi ọ̀pá ẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. A ta, a kọ, a lọ dáadáa. Ìgbà tó yá, Màmá Ayọ̀ wò mí. Mo mi orí sí i, mo mi orí sí Gọ́dúwìn. Màmá Ayọ̀ bẹ̀rẹ̀ orin ọ̀rẹ́ bàbá mi àgbà.

*Bó bá jẹ́ méjì ńkọ́?* Ó kọ ọ́ tán, ó dákẹ́. Ìyá Badia tẹjú mọ́lẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa ń parí sí. Mo dìde. Mo la ẹnu.

Ọkọ̀ fọn fèrè.

Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, nínú gbogbo àkókò tí ọkọ̀ ojú omi ní láti fọn fèrè! Fèrèsé gbọ̀n. Gbogbo yáàdì yíjú sí mi. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ti gbéra nílẹ̀, ó ti dojú kọ ẹnu ọ̀nà, òsì ń bẹ̀ ẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi, kì í ṣe orin. Mo gbọ́ ọ tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó rinlẹ̀ ketekete: "Ẹ̀ǹ! Dọ̀ọ́! Tìrúà! Kátìrì!"

Alàájì rò pé mò ń ka orin wọlé ni. Ó gbá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Gòjé Gọ́dúwìn bá a wọlé. Orin ti gbéra, kò sí ibi tí mo fẹ́ sá gbà mọ́ àfi inú ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wà lókè yẹn, mo fi jó sílẹ̀.

*Ọ̀kan ni mo mú r'Àpápá o,*
*Ọ̀kan ni mo mú lọ.*
*Èkejì ń bẹ lọ́dọ̀ ìyá mi,*
*Èkejì ò kúrò nílé.*

Ìyá Badia gbé orí sókè. Mo tún un kọ. Ó nawọ́ ọ̀pá ẹ̀ sí mi.

"Àkànbí!" ó ké. "O pẹ́ o!"

Ó dìde láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni dì í mú. Ó jó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀ sí ojú orin, ó ń sọ fún ẹnìkan tí a ò rí pé, "Ẹ gbọ́ ọ? Kò bínú! Kò bínú o!" Àwọn ará Badia gba èsì náà lẹ́nu mi, lẹ́yìn wọn àwọn ará yáàdì, tí àwọn náà kúkú ní etí kan nílé, ẹlòmíràn ní Wárì, ẹlòmíràn ní Kàlàbá. Ìyá Rìsíkátù ń kọ ọ́ kíkankíkan, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀. Nígbà tó yá, ó dúró, ó ń bi ẹni tó jókòó tì í pé, "Ọ̀kan kí ni?"

Níta, mo gba fóònù lọ́wọ́ Gọ́dúwìn. Iná ẹ̀ ń tàn. Ìpè náà ò tíì já.

"Gọ́dúwìn! Ṣebí mo mi orí!"

"I see am. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lára gòjé, Bàbá. Ṣé kí n fi imú pa á ni?"

Mo gbé fóònù sétí. "Ìyá?"

"Mo wà ńbí."

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀."

"Ẹ má bínú, Ìyá. N ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé Bàbá sá."

Ẹ̀rín bú lọ́hùn-ún, ẹ̀rín arúgbó tí kì í yára parí. "Kí n má mọ̀ kẹ̀? Ta ni bàbá mi ń kọ orin náà fún kí n tó sùn? Apá méjèèjì ló kọ́ mi, ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ àti tiẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń sọ fún mi pé kò sá?"

"Ká ní mo sọ fún ọ pé ó sá, ṣé wàá dúró?"

Mo fẹ̀yìn ti ògiri gbọ̀ngàn.

"Gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí Èkó ni bàbá mi ń kọ́ ní èsì yẹn," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "pé kí wọ́n bá òun mú un dé etí omi. Kò sẹ́ni tó jẹ́ iṣẹ́ náà. Ta ni yóò máa wá alááru kiri nítorí orin? Ìgbà tó sú u ló wá ń kọ́ ẹ̀yin ọmọdé. Ó ní bó pẹ́ bó yá, ọ̀kan nínú yín á débẹ̀." Ó pe orúkọ mi, èyí tó sọ mí gan-an, kì í ṣe Àgànyìn, kì í ṣe Káfíńtà. "O ṣeun."

Mo dúró níbẹ̀, fóònù wà létí mi kan, ariwo Àpápá ń wọ èkejì.

"Gbọ́," ìyá mi wí. "Nǹkan tó ké yẹn, kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ṣé òun nìyẹn?"

"Òun ni, Ìyá."

"Háà," ó ní. "Bàbá mi! Ó tó sá fún."